Kóńgò Mélòó Ni Ọ̀rẹ́ Zulfah?

Ẹ̀yìn Ọjà Tìmì nílùú Ẹdẹ ni ilé Ìyá Ibtisam wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣaláìní ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, bí Àwáwù, ìyẹn Ìyá Ibtisam fúnra rẹ̀, ṣe jókòó ti ọpọ́n tó ń bó ẹ̀gúsí, ni ọmọbìnrin kan wọlé tòun ti káàdì lọ́rùn àti fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní Fèyísọ́lá lorúkọ òun, yunifásítì lòun ti wá, iṣẹ́ àṣejáde òun ni láti wọn bí àwọn ọmọ tó ń bàlágà ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣe.

"O ń wọ̀n ọ́n?" Àwáwù bi í. "Kí lo fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Ìbéèrè ni, mà. Méjìlélógún."

"Kóńgò la fi ń wọn tiwa níbí. Jókòó."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Àwáwù ì bá ti ní kó máa lọ, pé àwọn oníbàárà ń dúró de òun. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ Zulfah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Láti ìgbà tí Ibtisam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ ní Awo, "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu Zulfah. Bó bá ti ilé ìwé dé, ó di yàrá. Bó bá kírun tán, ó di yàrá. Ẹnikẹ́ni kì í wá a wá. Àwáwù ti gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan, àní fún bàbá ọmọ pàápàá, pé ẹ̀rù ń ba òun. Ẹni tí kò rẹ́ni bá ṣeré lọ́mọdé, ta ni yóò bá a sunkún lágbà?

Ìdí nìyẹn tó fi fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó síwájú àlejò. Ó ní tí wọ́n bá parí àwọn ìbéèrè náà, ṣé ìwé ọ̀hún yóò lè sọ bóyá kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ? Fèyísọ́lá ní yóò sọ. Máàkì wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀, ara ọmọ dá ṣáṣá láàárín ẹgbẹ́. Bó bá kéré, ọmọ dá wà. Ó ní ilé mọ́kàndínlógójì lòun ti dé, ogójì ni ọ̀gá òun fẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ló sì fẹ́ ẹ, kò sì gbọdọ̀ sí ojú ilà kan tó ṣófo.

"Àkọ́kọ́ nìyí, mà. Ọ̀rẹ́ mélòó ni Zulfah ní?"

Àwáwù yọ ọwọ́ nínú ọpọ́n.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ọ̀rẹ́ ni mo ní kí ẹ kà, mà, kì í ṣe ọmọ."

"Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀hún, ṣé òkúta ló bí wọn?"

Fèyísọ́lá rọra ṣàlàyé pé òun ò bèèrè orúkọ, iye lásán ni. Àwáwù ní iye lásán yẹn gan-an ló burú. Bí èèyàn bá pe ọmọ lórúkọ, ó kí i nìyẹn. Àgùntàn làwọn mọ̀ tí wọ́n ń kà wọlé lálẹ́.

"Ìyá tìrẹ ńkọ́? Ọmọ mélòó ló bí?"

"Mẹ́rin, mà."

Àwáwù di ojú. Ó sá di Ọlọ́run nítorí àwọn ọmọ ìyá tí òun kò mọ̀ rí, ó sì kìlọ̀ fún Fèyísọ́lá pé kó má tún sọ irú ẹ̀ mọ́ níbi tí etí pọ̀ sí. Fèyísọ́lá wẹ̀yìn. Àwọn méjì péré ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀, àti ewúrẹ́ kan. Ó wo aago. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n kan sọ sí i.

"Màmá, tí wọ́n bá wá sílé yìí, ṣé wọ́n máa ń bọ́ bàtà?"

"Ta ló tó láti wọ bàtà gun ibi tí mo ti ń kírun?"

"Ẹ má kà wọ́n, mà. Ẹ bá mi ka bàtà."

Àwáwù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò níwá àti lẹ́yìn. Bàtà kò ní ìyá.

"Ìyẹn ṣe é kà," ó ní. "Nígbà Iléyá, bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà náà títí di òní..." Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ọ̀kan lè ṣèèṣì wà níbẹ̀. "Kò sí."

Fèyísọ́lá kọ nǹkan.

"Kí lo kọ?"

"Òdo, mà."

"Ṣé o ò lè kọ ọ́ kó kéré díẹ̀?"

Fèyísọ́lá ní bí òdo ṣe wù kó kéré tó, òdo náà ni. Ó ṣí ojú ewé kejì. Kó tó ṣí i tán, Àwáwù ti da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gúsí sínú abọ́ kan, ó gbé e lé e nítan, nítorí pé kò sẹ́ni tí ń jókòó ti òun kọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, tó ń fi tòsì wá bí yóò ṣe bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló máa ń lọ sílé ọ̀rẹ́?"

Àwáwù na ọrùn. Ibi tí òun yóò ti gba máàkì rèé.

"Kò lọ rí. Ọmọ tí mo tọ́ kì í ya ilé onílé."

"Òdo."

"Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́ òdo? Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn."

"Ẹ̀kọ́ ilé ò sí nínú fọ́ọ̀mù, mà. Ṣé ó máa ń jẹun lọ́dọ̀ wọn?"

"Kó jẹun níta? Láéláé."

"Òdo. Fóònù ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀?"

"Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni fóònù wà."

"Òdo, mà. Ṣé ó máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, kí wọ́n sì tún parí ẹ̀ láàárín ara wọn?"

"Zulfah? Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i."

Fèyísọ́lá tún tẹ bírò mọ́lẹ̀. Àwáwù ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àìjà náà, òdo?"

"Ìwé ní ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ ni kì í rí ọ̀rẹ́ bá jà, mà."

Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń yin Àwáwù ní mọ́sálásí, pé ó mọ ọmọ tọ́, pé ọmọ rẹ̀ kì í rìn, kì í jẹ ìjẹkújẹ, kì í sì í jà, gbogbo rẹ̀ ló ń dọ́gba sí òdo lórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Ó fẹ́ bèèrè ẹni tó kọ ìwé náà, bóyá ẹni ọ̀hún bímọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ti dé.

"Báwo ni ilé yín ṣe ń gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálejò?"

"Tọwọ́tẹsẹ̀," Àwáwù dáhùn kíá. "Kọ ìyẹn síbẹ̀ kó tóbi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi díẹ̀, mà."

Ó bá là á. Ó ní lọ́jọ́ Iléyá yẹn, bí wọ́n ti wọlé báyìí, òun kọ́kọ́ bi wọ́n pé agbo ilé wo ni wọ́n ti wá, kí lorúkọ ìyá wọn, ṣé ìyá mọ̀ pé wọ́n wà níbí. Nígbà tí ìyẹn tán, òun ní kí wọ́n kéwú díẹ̀ fún òun, kí òun lè mọ irú ọmọ tí wọ́n jẹ́. Èyí tó jẹ́ onígbàgbọ́ nínú wọn, òun ní kó ka Sáàmù tó bá mọ̀.

"Mi ò ṣojúsàájú," ó ní.

"Wọ́n kà á, mà?"

"Èyí tó ka Sáàmù gbìyànjú. Ọ̀kan nínú àwọn tó kéwú fo ẹsẹ kan, mo ní kó padà síbẹ̀. Ó tún fò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á kó tó tọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo fún wọn lẹ́ran Iléyá. Wọn ò jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tètè délé."

"Ṣé wọ́n tún padà wá?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé ò jẹ́."

Bírò Fèyísọ́lá dúró gbagidi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n nígbà tí bírò náà tún gbéra, ó rìn títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé.

"Kí lò ń kọ tó gùn tó báyìí?"

"Àlàyé ni, mà."

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ìbéèrè kejìlélógún. Fèyísọ́lá ka máàkì, ó tún un kà, ó wá ń wo ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù sínú rẹ̀. Àwáwù ní kó má fi òun ṣeré, kó sọ ọ́.

"Mẹ́rin ni, mà. Nínú mẹ́rìnlélógójì."

"Kí ni mẹ́rin ń sọ?"

"Ó ń sọ pé..." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ó ń sọ pé ọmọ náà dá wà, mà."

Àwáwù mú ẹ̀gúsí kan. Obìnrin tó ti ń bó ẹ̀gúsí láti ìgbà ọmọge, ẹ̀gúsí náà ṣẹ́ sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mú òmíràn. Ìyẹn náà ṣẹ́.

"Mo mọ̀," ó ní wẹ́rẹ́. "Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ọkàn mi ló ń tàn mí ni."

Ewúrẹ́ sún mọ́ ọpọ́n, kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Àwáwù nu ojú pẹ̀lú etí ìborùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro rere ọmọ rẹ̀ fún àlejò, bí ìyá tó ń kó ohun tó ṣẹ́ kù jọ. Ó ní bí ọmọ náà tilẹ̀ dá wà, Ọlọ́run ò fi í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbùkún. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, òun jí lọ sí Sekona lẹ́yìn ìrun Àsùbáà láti lọ ra ẹ̀gúsí. Bàbá wọn wà lóko. Zulfah nìkan ló kù nílé tòun ti àpò ẹ̀gúsí kan. Òun gbàdúà lójú ọ̀nà pé kí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí ọmọ náà. Nígbà tí òun fi máa dé, tí Mọ̀gáríbì ń wọlé, ẹ̀gúsí ti di bíbó, wọ́n ti fẹ́ ẹ, èèpo rẹ̀ ti dé orí ààtàn.

"Kóńgò méjìlá," ó ní. "Lọ́jọ́ kan. Mo ṣe sàráà lọ́jọ́ kejì."

Fèyísọ́lá gbé orí sókè.

"Ẹ̀yin, kóńgò mélòó lẹ máa ń bó lójúmọ́?"

"Méjì. Kò sí ọwọ́ tó bó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Ẹdẹ, àyàfi tó bá ń purọ́."

"Zulfah wá bó méjìlá."

"Àdúà ni." Àwáwù mí kanlẹ̀. "Nǹkan kan ló ba ayọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ fún mi. Eku. Bí mo ṣe ṣí rọ́bà gààrì, ó ti lọ sí ìdajì. Ọ̀rá ṣúgà ṣófo. Ẹ̀pà tí mo fi pa mọ́ sí ẹ̀yìn ìkòkò, eku ṣáà rí i. Mo ti dẹ pàkúté láti ọjọ́ náà, kò mú nǹkan kan."

"Gààrì, ṣúgà, ẹ̀pà," Fèyísọ́lá ní.

"Eku ilé yìí burú."

"Màmá, ife ńkọ́? Ṣé kò lo ife?"

Àwáwù rẹ́rìn-ín. Àánú ọmọ náà ṣe é. Wọ́n kàwé títí dé yunifásítì, wọn ò mọ eku. Ó la ẹnu láti ṣàlàyé fún un pé eku kì í lo ife. Ẹnu náà la, kò sì padé mọ́.

Nítorí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, ó bá àwọn ife tó wà fún àlejò, àwọn tí wọn ò gbé sílẹ̀ láti ọjọ́ ìdáná Ibtisam, lórí àwo pẹrẹsẹ nínú ilé ìdáná. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n. Wọ́n dojú wọn dé ní ìlà. Òun tilẹ̀ yin Zulfah pé ó mọ́ tónítóní.

"Mẹ́fà," ó ní. "Ife mẹ́fà."

Àwáwù na ìka ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì. Méjì. Méjì. Nígbà tó ká ìkẹfà, ó pé méjìlá. Ó mú ti Zulfah kúrò nínú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti fẹ́ dárúkọ iye tó kù, ó bá fi ọwọ́ bò ó pátápátá.

"Ẹ má ka ọmọ, mà," Fèyísọ́lá ní. "Ẹ ka kóńgò."

"Kóńgò mẹ́wàá," ni Àwáwù wí láti abẹ́ ọwọ́. "Kóńgò mẹ́wàá ni kì í ṣe ti Zulfah níbẹ̀."

Fèyísọ́lá ti ń da àwọn òdo nù. Ó fa ilà sí ti àkọ́kọ́, ó fa ilà sí ti jíjẹun pọ̀, ó ní ẹni tó bá báni bó ẹ̀gúsí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì báni mu gààrì lé e, máàkì rẹ̀ kò ṣe é fi ṣeré. Ó fẹ́ kọ iye àwọn ọ̀rẹ́ náà sójú ilà, Àwáwù di bírò mú.

"Má kọ ọmọ síbẹ̀. Kóńgò ni kí o kọ."

"Ọ̀gá mi á bi mí, mà."

"Sọ fún wọn pé bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n ní Ẹdẹ nìyẹn."

Fèyísọ́lá wo aago. Ó kọ ọ́: *ọ̀rẹ́, kóńgò mẹ́wàá*.

Ara Àwáwù ti fúyẹ́ bí aṣọ tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń gún un.

"Kí ló dé tí wọn ò lè wá nígbà tí mo bá wà nílé?"

Fèyísọ́lá yí fọ́ọ̀mù náà sí i, ó fi ìka sí ibi tí bírò rẹ̀ ti rìn jìnnà. Àwáwù gbé e sún mọ́ ojú. *Ìyá ọmọ a máa ṣe ìdánwò fún àwọn àlejò*, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. *Àwọn tí kò bá yege a máa tún un ṣe.*

Ó wá ìbínú káàkiri inú ara rẹ̀, kò rí i. Èyí tó fo ẹsẹ ló rántí, bí òógùn ṣe bo imú rẹ̀ nígbà kẹta, tí ẹran Iléyá ń tutù lọ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn Àwáwù, ó rìn wá sókè, ó já ìborùn lórí rẹ̀.

"Ẹsẹ keje ni," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹsẹ keje ló ń fò."

Fèyísọ́lá ti dìde, ó ń palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́. Ó fi abọ́ ẹ̀gúsí lé Àwáwù lọ́wọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Àwáwù mi abọ́ náà, ó wò ó bí alájàpá ṣe ń wo ọjà.

"Kò tó ìdá mẹ́rin kóńgò. Ìdajì rẹ̀ sì ṣẹ́." Ó gbé e ka ẹ̀gbẹ́. "O ò tíì tó ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n o ti kọjá àlejò."

Ìgbà náà ni ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé ń bọ̀ láti òpópónà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, ohùn Zulfah sì wà láàárín wọn, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé kọ̀rọ̀ ilé, ohùn gbogbo rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí iná tí wọ́n pa. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló yà wọlé. Ojoojúmọ́ ni Àwáwù máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ kan yẹn. Kò gbọ́ àwọn tó kù rí, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tẹ́tí sí ìdákẹ́.

Zulfah kúnlẹ̀, ó ní ẹ káàsán mà, ó kí àlejò, ó di yàrá.

Àwáwù kò pè é padà. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó yọ pàkúté kúrò lẹ́yìn rọ́bà gààrì, ó gbé e fún Fèyísọ́lá pé kó bá òun gbé e sọnù sí ààtàn bó bá ń lọ. Lẹ́yìn náà ló wá gbóhùn sókè sí ọ̀nà yàrá, bí ẹni tí kò lérò kankan nínú.

"Zulfah. Mò ń lọ sí Sekona lọ́jọ́ Sátidé. Ilẹ̀ á ṣú kí n tó dé."

Nǹkan kan jábọ́ nínú yàrá. "Ó dáa, mà," Zulfah dáhùn, kíákíá jù.

Fèyísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti pàkúté lọ́wọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ra ẹ̀gúsí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí lẹ tún fẹ́ lọ rà ní Sekona?"

"Mi ò fẹ́ ra nǹkan kan," ni Àwáwù dá a lóhùn. "Àpò méjì ló ṣẹ́ kù nílẹ̀ yìí tí a ò tíì bó."